Ẹ̀kọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tí Ń Gbóná Tí Ó Sì Ń Gan

Kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ bí ènìyàn bá wọ ọ́fíìsì ilé-ìwé tàbí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìgbàyè, ní àdúgbò Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ó sì bá kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan níbẹ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tòkunbọ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ọ́fíìsì kan ní òkè òkun ni ó ti kọ́kọ́ lò ó títí ó fi sú u, kí ó tó gba èbúté Èkó wọlé. Síbẹ̀, òun ni a fi ń tẹ ìwé ìpè ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó, òun ni a fi ń ṣírò owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, òun náà ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ bí a ti í lo máòsì àti kíbọọ̀dù. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti pa ìdánwò orí bébà tì pátápátá, tí ó jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹni tí ó fẹ́ wọ yunifásítì ti ń dáhùn ìbéèrè. Ọmọ tí kò fi ọwọ́ kan máòsì rí kí ó tó dé gbọ̀ngàn ìdánwò yóò lo ìdajì àkókò rẹ̀ láti mọ ohun tí ó ń gbé lọ gbé bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó wà bá ń dákú, kì í ṣe ẹni tí ó fi owó rà á nìkan ni ó pàdánù.

Bí àìsàn náà ti máa ń rí nìyí. Ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáadáa ní òwúrọ̀. Nígbà tí oòrùn bá gòkè, fáànù inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ rẹ̀ yóò falẹ̀, àwòrán ojú rẹ̀ yóò sì gan pa. Máòsì kò ní rìn, kíbọọ̀dù kò ní gbọ́. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní háńgì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò kú lójijì bí ẹni pé a yọ wáyà rẹ̀, bí a bá sì tún tàn án lójú ẹsẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi kú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, tàbí pé ogbó ti dé sí i, wọn a sì gbé e fún ẹni tí yóò pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, tí yóò kó Windows tuntun sí i. Owó á lọ, ìwé á sọnù, àìsàn náà á sì wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ eléruku bí irú èyí, eruku àti ooru ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú fún ìbéèrè.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí ooru náà ti ń wá. Ní àárín pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, tí a ń pè ní motherboard, ni ọpọlọ rẹ̀ wà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ processor. Òun ni ó ń ṣe gbogbo ìṣirò, gbogbo iná tí ó bá sì jẹ ni ó ń sọ di ooru. Nínú àwọn Pentium 4 tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe ní ọdún 2004, a rí èyí tí ń mú ooru tí ó tó 115 wọ́ọ̀tì jáde. Ẹ ronú gílóòbù ọlọ́yẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, 100 wọ́ọ̀tì, tí kò ṣeé fi ọwọ́ kàn. Ooru tí ó ju tirẹ̀ lọ ni a kó jọ sórí ohun tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí kò bá sí ohun tí yóò máa gba ooru náà lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ kò ní kọjá kí ó tó bàjẹ́. Ìdí nìyí tí a fi gbé irin aláwẹ́-àwẹ́ lé e lórí, tí a sì so fáànù mọ́ irin náà. Láàárín irin yìí àti processor ni a fi ọ̀rá kan sí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní thermal paste, kí ooru lè rí ọ̀nà kọjá láti ara ọ̀kan sí ara èkejì. Ọ̀rá yìí a máa gbẹ bí ọdún bá ti pọ̀ lórí rẹ̀, a sì dà bí ẹ̀kọ tí ó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò.

Àwọn tí ó ṣe processor mọ̀ pé ooru lè pọ̀ jù, wọ́n sì ti kọ́ ọ ní ìwà méjì. Èkínní, yóò dẹ iṣẹ́ rẹ̀ kí ooru lè rọlẹ̀. Èkejì, bí kò bá rọlẹ̀, yóò pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí ń falẹ̀ ní ọ̀sán tí ó sì ń kú lójijì kò ya wèrè. Ń ṣe ni ó ń gba ara rẹ̀ là.

Eruku ni ọ̀tá rẹ̀ pàtàkì. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa gbé eruku lẹ́búlẹ́bú wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti ibi tí a ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Èyí nìkan kọ́, nítorí pé ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà ń fò wọlé nígbàkígbà tí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà bá kọjá. Fáànù kọ̀ǹpútà kò mọ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí eruku. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń fà wọlé. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, eruku yóò di aṣọ nípọn sáàárín àwọn awẹ́ irin tí ó wà lábẹ́ fáànù. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀rọ náà láti òkè yóò rí i pé fáànù ń yí, yóò sì rò pé kò sí wàhálà. Fáànù fúnra rẹ̀ ni ó bo aṣọ eruku náà mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí a ń rán an.

Àwọn ènìyàn náà a sì máa dá kún un láìmọ̀. Wọn a rán aṣọ aláràbarà bo kọ̀ǹpútà, èyí tí ó dára nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sùn, ṣùgbọ́n wọn kì í ká a kúrò tán nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Wọn a ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti fẹ́ jáde. Wọn a gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tí ìgbálẹ̀ ti ń gbá eruku sí i lójú ní àràárọ̀. Àyè tí ó tó ìbú ọwọ́ kan láàárín ẹ̀rọ àti ògiri, àti àpótí kékeré tí a gbé e lé, kò náni ní ohunkóhun.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú skrúdíráfà, ó yẹ kí ó mú bébà àti bírò. Kí ó kọ wákàtí tí ẹ̀rọ gan sílẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó tí ó ti lò kí ó tó gan, ohun tí a ń fi í ṣe nígbà náà, àti bóyá iná ìjọba ni ó wà tàbí ti jẹnẹrétọ̀. Ìwé ọ̀sẹ̀ kan péré tó. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó máa ń gan, tí ó sì ń ṣe é ní ọ̀sán ju ti òwúrọ̀ lọ, tí ìsinmi wákàtí kan sì ń mú un padà bọ̀ sípò, ooru ni. Bí ó bá jẹ́ pé kò tilẹ̀ lè jí tán kí ó tó gan, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, ibòmíràn ni kí a wò. Bí ó bá sì jẹ́ pé nígbà tí a bá ń tẹ̀wé nìkan ni, a ó dé orí èyí láìpẹ́.

Ọ̀nà méjì ni a fi lè rí ìdí ọ̀rọ̀ dájú. Bí a bá tan ẹ̀rọ tí a sì ń tẹ Delete tàbí F2 léraléra kí Windows tó yọjú, ojú ewé kan yóò ṣí tí a ń pè ní BIOS. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, a ó rí ibi tí a kọ ìwọ̀n ooru processor sí níbẹ̀, àti iye ìgbà tí fáànù ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìwọ̀n náà bá wà láàárín 40 sí 60, ọkàn lè balẹ̀. Bí ó bá ti kọjá 70 nígbà tí ẹ̀rọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan, kò sí ohun tí a tún ń wá kiri. Ọ̀nà kejì kò gba ìwé kíkà: kí a ṣí ẹ̀gbẹ́ kan àpótí ẹ̀rọ náà, kí a gbé fáànù ńlá tí a fi ń fẹ́ ara wa dojú kọ ọ́, kí a sì lò ó fún wákàtí kan. Bí kò bá gan mọ́, ooru ni ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìdánwò ni èyí, kì í ṣe ìwòsàn. Àwọn kan ti sọ ọ́ di àṣà pé kí kọ̀ǹpútà máa wà ní ìhòòhò láti ọdún dé ọdún. Eruku ń wọlé sí i ní ìlọ́po, ọmọńlé ń yé ẹyin sí i, èèrà ń kọ́lé sí i, ọjọ́ tí ọmọńlé bá sì fi ara kan ibi méjì tí iná ń gbà kọjá, òun àti pátákó náà ni yóò jọ lọ.

Nígbà tí ó bá ti dájú pé ooru ni, gbígbọn eruku ló kàn. Kí a kọ́kọ́ da gbogbo ìwé pàtàkì sórí fláàṣì, nítorí pé a kì í mọ̀. Lẹ́yìn náà kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, kí a sì tẹ bọ́tìnnì títan rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kí iná tí ó kù nínú rẹ̀ lè tán. Kí a gbé e jáde sí ìta tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun nínú rẹ̀, kí a fi í kan irin àpótí náà. Gbogbo ẹni tí ó ti bọ́ aṣọ ní ìgbà ọyẹ́, tí aṣọ náà sì dún pàpà lára rẹ̀, mọ̀ pé iná wà lára ènìyàn. Ìwọ̀nba iná yìí, tí kò lè pa eṣinṣin, lè pa RAM.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ó gbẹ, irú èyí tí a fi ń kun ilé tí a kò tíì lò rí, ni ó dára jù. Kí a fi ìka di fáànù mú kí ó má yí nígbà tí a bá ń gbọ̀n ọ́n tàbí tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, nítorí pé yíyí asán lè bà á jẹ́. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ lè fẹ́ eruku jáde láàárín àwọn awẹ́ irin. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kí ó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ, bí ó ti wọ́pọ̀ láti máa ṣe. Omi máa ń wà nínú àgbá ẹ̀rọ náà, agbára rẹ̀ sì lè ṣí àwọn ohun wẹ́wẹ́ nípò. Aṣọ tútù, ọṣẹ àti kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Àpótí irin kékeré tí wáyà iná wọ̀, èyí tí a ń pè ní power supply, kí a gbọn eruku ojú ihò rẹ̀ láti ìta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú u. Iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà, iná náà sì lè pa ènìyàn.

Bí fáànù bá ti mọ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń kọjá, tí ẹ̀rọ ṣì ń gbóná, ọ̀rá tí ó wà lórí processor ni ó ti gbẹ. Iṣẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ ni èyí. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan, ọ̀rá gbígbẹ náà a máa lẹ irin mọ́ processor tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá fa irin náà sókè lójijì, processor yóò tẹ̀ lé e kúrò nínú ihò rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó tinrín bí irun yóò sì wọ́. Kí a lo ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ná kí ọ̀rá lè rọ̀, kí a pa á, kí a yọ wáyà rẹ̀, kí a rọra yí irin náà sọ́tùn-ún sósì kí a tó gbé e. Kí a fi spírítì àti aṣọ mímọ́ nu ọ̀rá àtijọ́ kúrò, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a sì fi tuntun sí àárín processor, tí kò ju ẹyọ ìrẹsì kan sí méjì lọ. Irin náà yóò tẹ̀ ẹ́ tán fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi í kún bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì ti tún dá ooru dúró ni.

Iná ni ó tẹ̀ lé ooru nínú ohun tí ń mú kọ̀ǹpútà gan. Fólítì 230 ni ó yẹ kí ó wọ ilé. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ aládàáni ti ń pín iná fún agbègbè yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é. Orúkọ yòówù kí ó jẹ́, iná a máa wọlé pẹ̀lú agbára tí kò tó tàbí tí ó pọ̀ jù. Bí gílóòbù bá pọ́n bí ojú ológbò, kí a má ṣe tan kọ̀ǹpútà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará ìlú sọ ní I better pass my neighbour kì í gbé ẹrù púpọ̀. Bí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser bá wà lórí rẹ̀ pọ̀, nígbàkígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń gbóná láti tẹ bébà jáde, yóò fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà yóò sì gan tàbí kí ó kú kí ó sì tún jí. Ẹni tí ó ti kọ ìwé ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ yóò rí èyí nínú ìwé rẹ̀. Kí a má sì ṣe dúró de ìgbà tí epo yóò tán nínú jẹnẹrétọ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hú, kí a ti pa kọ̀ǹpútà.

Àwọn tí ó ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ní láti wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ wọn kí wọ́n tó tàn án ní ìgbà àkọ́kọ́. Nínú àwọn kan, súìṣì pupa kékeré wà níbẹ̀ tí a kọ 115 àti 230 sí. Ipò 115 ni ti iná Amẹ́ríkà. Bí súìṣì bá wà ní 115 tí a sì kì í bọ iná tiwa, ariwo kan àti èéfín díẹ̀ ni yóò kéde ìparí rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe ooru, tí kì í sì í ṣe iná, kí a yọ RAM, igi pẹlẹbẹ tí ó dúró sínú ihò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ processor, kí a fi rọ́bà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu eyín wúrà rẹ̀, kí a sì tì í padà títí yóò fi dún kọ̀. Ìwòsàn tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ ju bí a ti rò lọ. Kí a tún fi etí sí hard disk. Bí ó bá ń dún kì, kì, kì bí aago, tí ẹ̀rọ sì ń gan nígbà tí a bá ṣí ìwé kan náà ní gbogbo ìgbà, àkókò àtúnṣe ti kọjá. Kí a sáré kó ìwé jáde lójú ẹsẹ̀, kí a sì ra òmíràn.

Lórí motherboard, a ó rí àwọn agolo wẹ́wẹ́ tí wọ́n dúró ṣánṣán, tí a ń pè ní capacitor. Orí wọn yẹ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí orí wọn bá wú, tàbí tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ ń jáde lára wọn, àwọn ni wọ́n ń mú ẹ̀rọ gan, kò sì sí gbígbọn eruku tí ó lè wò wọ́n sàn. Àwọn ẹ̀rọ tí a ṣe láti nǹkan bí ọdún 1999 sí 2007 ni ìyà yìí jẹ jù, nítorí capacitor tí kò dára tí ó gba ayé kan nígbà náà. Ìwé ilé-ẹjọ́ tí a tú sí gbangba ní ọdún 2010 fi hàn pé ilé-iṣẹ́ Dell nìkan ta kọ̀ǹpútà tí ó tó mílíọ̀nù 11.8, láàárín oṣù Karùn-ún ọdún 2003 àti oṣù Keje ọdún 2005, tí ó ṣeé ṣe kí irú capacitor bẹ́ẹ̀ wà nínú wọn. Oníṣẹ́ rédíò tí ó mọ àlùmọ́ọ́nì òjé yíyọ́ lè pa wọ́n dà, ṣùgbọ́n kí olówó béèrè iye rẹ̀ kí ó tó gbà.

Fáírọ́ọ̀sì náà wà lóòótọ́, a kò sì sọ pé kò sí. Hard disk tí ó kún dẹ́nu, iṣẹ́ márùn-ún tí a ṣí pọ̀ lórí RAM kékeré, àti Windows tí ó wúwo ju ẹ̀rọ lọ, gbogbo wọn lè mú un falẹ̀. Microsoft dẹ́kun àtúnṣe Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò lè gbé Windows tuntun lè gbé Linux fífúyẹ́, èyí tí a kì í fi owó rà, ọmọ sì lè fi kọ́ títẹ̀wé dáadáa.

Bí ẹ̀rọ bá ti kọjá àtúnṣe, kí a yọ hard disk rẹ̀ pamọ́ kí ìwé ẹgbẹ́ àti orúkọ àwọn ọmọ má baà dé ọwọ́ àlejò. Kí a má ṣe sun ìyókù lẹ́yìnkùlé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n rí ní Èkó, níbi tí a ti ń sun kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí kò ṣeé tún ṣe lórí ààtàn. Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n kọ̀ǹpútà alákẹ̀yìn ti àtijọ́, ó sì wà lára àwọn pátákó rẹ̀ pẹ̀lú. Èéfín wọn kò dára fún ọmọ tí ń ṣeré nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni eérú wọn kò dára fún kànga. Fáànù, RAM àti power supply tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ wúlò fún ẹ̀rọ mìíràn, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà a sì máa fi owó díẹ̀ rà wọ́n.